Ilé Gíga Tí Ó Ń Mí

Bí àlejò bá wọ Ìbàdàn, tí ọkọ̀ sì já a sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní gbójú sókè. Ilé Kòkó ni yóò mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Àjà 26 ni ilé náà ní, gíga rẹ̀ sì tó mítà 105. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1965, kò sí ilé tí ó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn àgbà a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ará oko ni fìlà wọn já bọ́ sẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń ka àjà rẹ̀. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, orúkọ yẹn sì dùn létí mi ju èyí tí ó ń jẹ́ lónìí lọ, nítorí àgbẹ̀ ni ó forí la oòrùn àti òjò kí owó ilé náà tó jáde. Kòkó kò mú ọkọ́ rí. Iná jó o ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1985, ó sì di ọdún 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe tán, kí ènìyàn tó tún máa wọlé wọ̀de níbẹ̀.

Mo mẹ́nu ba Ilé Kòkó nítorí pé òun ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwa ọmọ ẹgbẹ́ bí ọ̀rọ̀ ilé gíga bá ti délẹ̀. Apá kan a ní ilé gíga kì í ṣe ti Yorùbá, pé àwọn baba wa a máa kọ́ ilé fẹ̀ ni, wọn kì í kọ́ ọ ga, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ wo ìlú láti òkè, kí ó gun orí Olúmọ lọ. Apá kejì a ní iyì ìjọba ni ilé gíga, pé ìjọba tí kò ní ilé tí a lè na ìka sí láti ọ̀nà jíjìn dà bí ọba tí kò ní adé. Èmi kò sí níhà kankan. Ohun tí mo máa ń bi ilé ìjọba kò ju ẹyọ kan lọ: bí iná bá lọ, ǹjẹ́ ènìyàn lè jókòó nínú rẹ̀, kí ó sì ṣe iṣẹ́ tí ìlú torí rẹ̀ ń sanwó fún un? Ìbéèrè yìí ni ó gbé ẹsẹ̀ mi dé iwájú ilé kan tí ó jìnnà sí Dùgbẹ̀ púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Oakland, ní ìpínlẹ̀ California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo lọ kí i nínú oṣù Ògún. Ní ọjọ́ kan tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, mo dá wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó ń gba ìsàlẹ̀ omi kọjá lọ sí San Francisco. Mo sọ̀ ní Civic Center, mo sì ń rìn lọ ní títì tí wọ́n ń pè ní Seventh Street títí mo fi dé ibi tí ó ti pàdé Mission Street. Ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún mi kí n mú ẹ̀wù òtútù dání, mo sì dúpẹ́ pé mo gbọ́ràn. Ní ìlú yẹn, ní àárín gbùngbùn ìgbà ooru wọn, atẹ́gùn tí ó ń ti orí òkun Pàsífíìkì bọ̀ a máa gbá ènìyàn lára bí ọyẹ́ òwúrọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi atẹ́gùn yìí sọ́kàn, nítorí pé òun gan-an ni ọ̀gá akọ́lé nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ilé náà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Àjà 18 ni, gíga rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 234. Ó gùn gbọọrọ, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 65 lọ; àfi bí ẹni pé a fi ẹ̀gbẹ́ pákó kan gúnlẹ̀, tí ó sì dúró. Níhà tí oòrùn ti ń wá, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára bí ajere ni wọ́n fi bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irin yìí kò lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ya sọ́tọ̀ díẹ̀, nígbà tí ó sì kù díẹ̀ kí ó kanlẹ̀, ó ṣẹ́po bí etí agbádá tí atẹ́gùn gbé. Níhà kejì, gíláàsì ni wọ́n to lóòró ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí abẹ́, láti gba oòrùn ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ àwọn fèrèsé. Láti àjà kọkànlá, wọ́n dá ihò ńlá kan lu láti ẹ̀gbẹ́ ilé kan dé èkejì, gíga rẹ̀ tó àjà mẹ́ta, wọ́n sì fi í ṣe ọgbà ìnajú níbi tí ènìyàn ti lè dúró kí ó máa wo ìlú.

Thom Mayne ni orúkọ ayàwòrán-ilé tí ó ronú kan ilé yìí, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Morphosis. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i, owó tí wọ́n ná lé e lórí sì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 144 dọ́là. Ní ìparí ọdún 2022, wọ́n ṣe òfin pé kí ó máa jẹ́ orúkọ Nancy Pelosi, obìnrin tí ó jẹ́ olórí ilé aṣòfin kékeré wọn nígbà náà. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tí ó jẹ mọ́ ọ̀ràn iṣẹ́, ìlera, àti owó àwọn arúgbó wà lára àwọn tí wọ́n torí wọn kọ́ ọ.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ inú mi: bí a bá ń sọ ti ẹwà, ilé náà kò wù mí. Ní òdìkejì títì ni ilé ẹjọ́ àtijọ́ kan wà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1905, tí ìsẹ̀lẹ̀ ńlá ọdún 1906 sì bá níbẹ̀ tí kò lè wó o. Ilé ẹjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ tẹjú mọ́, bí ẹni tí ó lọ síbi ìgbéyàwó tí ó ń wo ìyá ìyàwó. Irin ajere náà le koko lójú, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí àwọ̀ ìkùukùu. Ṣùgbọ́n n kò bá ẹwà lọ síbẹ̀. Mo bá fèrèsé lọ.

Mo ti kà á ṣáájú pé láti àjà kẹfà lọ sókè, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé náà kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ilé ìjọba Amẹ́ríkà ni mo ń sọ o, kì í ṣe ilé ìyá arúgbó kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fèrèsé ni wọ́n ń ṣí. Bí ó sì ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Atẹ́gùn òkun a máa wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan, a gba orí àwọn òṣìṣẹ́ kọjá, a sì jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé náà tẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn, nítorí pé bí ilé bá fẹ̀ jù, atẹ́gùn tí ó wọ̀ ọ́ yóò ti rẹ̀ kí ó tó dé àárín, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán náà kì í ti í lè rìn jìnnà nínú yàrá. Àwọn fèrèsé ìsàlẹ̀, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni wọ́n wà. Ẹni tí ooru bá mú a ṣí i. Àwọn tòkè, kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣí wọn, a sì máa pa wọ́n dé bí atẹ́gùn bá le jù.

Òru ni iṣẹ́ tí ó dára jù ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá ti lọ sílé, kọ̀ǹpútà a ṣí àwọn fèrèsé sílẹ̀, otútù òru a sì wọlé, a máa fọ ooru tí ọ̀sán fi sílẹ̀ kúrò nínú kọnkéré. Wọn kò fi páálí tàbí pákó bo ìsàlẹ̀ àjà, wọ́n fi kọnkéré náà sílẹ̀ ní ìhòòhò, wọ́n sì rọ ọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìgbì omi kí atẹ́gùn lè rọ̀ mọ́ ọn dáadáa. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kọnkéré tí ó ti mu otútù yó yóò máa mu ooru ara ènìyàn àti ti oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ìwádìí tí ó wà ní Berkeley ti fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò bí atẹ́gùn yóò ti máa rìn nínú ilé náà kí wọ́n tó kọ́ ọ. Kọnkéré náà gan-an, wọn kò fi síméńtì nìkan pò ó. Ìdajì síméńtì tí ì bá wọ̀ ọ́ ni wọ́n yọ, tí wọ́n sì fi ìdàrọ́ tí a lọ̀ kúnná rọ́pò rẹ̀, ìyẹn pàǹtí tí ó ń kù bí wọ́n bá yọ́ irin. Iná tí ó ń jó kí síméńtì tó di síméńtì pọ̀ púpọ̀, èéfín rẹ̀ sì ń ba ojú ọ̀run jẹ́. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ ìdàrọ́ yìí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ní ẹ̀yìn ilé àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú wa, òkìtì rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí, àwa ọmọdé a sì máa gún un mọ́lẹ̀ bí ẹní gun òkè.

Ohun kan tún wà tí yóò ya ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba níhìn-ín lẹ́nu. Nínú ilé yẹn, yàrá àwọn ọ̀gá ni wọ́n kó sí àárín, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ni wọ́n sì kó sí ẹ̀bá fèrèsé. Wọn kò jẹ́ kí ògiri yàrá àwọn ọ̀gá náà kan àjà, kí atẹ́gùn lè gba orí wọn kọjá. Ní ilẹ̀ wa, bí wọ́n bá gbé ènìyàn ga lẹ́nu iṣẹ́, fèrèsé ni wọ́n fi ń ta á lọ́rẹ; akọ̀wé kékeré ni ó ń jókòó sínú òkùnkùn láàrin fáìlì.

Wọ́n tún ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè ibẹ̀ lọ́nà tí ó ṣàjèjì. Kì í dúró ní gbogbo àjà. Àjà mẹ́ta mẹ́ta ni ó ń fò. Ẹni tí ó bá sọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní àjà tí ó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ibẹ̀, àtẹ̀gùn ni yóò bá lọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè na, kí ó sì lè bá ẹlòmíràn pàdé lọ́nà. Ẹyọ kan wà tí ó ń dúró ní àjà gbogbo, fún àwọn tí ara wọn kò gbé àtẹ̀gùn.

Ẹ má ṣe rò pé orin ìyìn nìkan ni wọ́n ń kọ fún ilé náà ní ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ kó wọlé, ìráhùn bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní oòrùn ń ta sí àwọn lójú, àwọn kan ní ibi tí àwọn jókòó sí gbóná, àwọn mìíràn ní ó tutù jù; àní ìròyìn jáde pé àwọn kan ń ṣí agboòrùn lé orí tábìlì wọn. Nígbà tí àjọ tí ó ń mójú tó àwọn ilé ìjọba wọn wádìí bí inú àwọn òṣìṣẹ́ ti dùn sí ibi iṣẹ́ wọn tó, ilé yìí wà lára àwọn tí ó rẹ̀yìn. Àwọn tí kò fẹ́ràn ilé náà tẹ́lẹ̀ rí ohun wí. Lójú tèmi, ìráhùn náà kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ti bá ènìyàn mẹ́ta sùn nínú yàrá kan ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ìjà orí fèrèsé kò kéré: ẹni tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ ní otútù ń pa òun, ẹni tí ó wà nídìí ògiri ní òun kò rí èémí mí. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í bá ènìyàn jiyàn, ilé tí ó ń fi fèrèsé mí sì fẹ́ kí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ gbọ́ ara wọn yé. Ṣùgbọ́n oòrùn tí ó ń ta sí ènìyàn lójú, ẹ̀bi ayàwòrán-ilé ni èyíinì, n kò ní bá a pín in.

Nígbà tí mo ń padà lọ sí Oakland nínú ọkọ̀, ohun tí mo ń rò ni pé kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tí ó jẹ́ tuntun sí wa. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn, tí ń mu ooru ọ̀sán kí ó má baà tètè dé inú yàrá, kí ni ó fi yàtọ̀ sí kọnkéré ìhòòhò wọn? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó na òrùlé rẹ̀ síta tí oòrùn kò fi lè kan ògiri, ohun tí irin ajere náà ń ṣe ni ó ń ṣe. Àgbàlá àárín agbo ilé tí ojú rẹ̀ ṣí sí ọ̀run, tí ooru ń gbà gòkè lọ, ẹ̀rọ ni òun náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní wáyà.

Bí ẹ bá ní ilé amọ̀ ti di ìtàn, ẹ jẹ́ kí á wo ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1948, Maxwell Fry àti aya rẹ̀ Jane Drew, àwọn ayàwòrán-ilé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Àwọn méjèèjì ti mọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà láti àsìkò ogun Hitler. Wọn kò fi ilé London lé wa lórí. Wọ́n kọjú àwọn ilé náà sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, wọ́n sì kọ́ yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹyọ kan ṣoṣo ní fífẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ilẹ̀kùn wà níhà kan, fèrèsé wà níhà kejì, kò sí yàrá ẹlòmíràn tí ó dí atẹ́gùn lọ́nà. Wọ́n fi kọnkéré tí wọ́n dá ihò ọnà sí lára ṣe ògiri níbi tí ó yẹ, ẹ sì lè rí i lára ilé ìkàwé títí di òní: ihò náà gba atẹ́gùn láàyè, ó sì fọ́ oòrùn sí wẹ́wẹ́ kí ó tó wọlé. Ní ọdún 1956 wọ́n tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀nà ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa. Èyí jẹ́ àádọ́ta ọdún ó lé kan kí ilé San Francisco tó ṣí ilẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọgbọ́n tuntun lọ́hùn-ún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sùn nínú rẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà tí àwọn baba wa ṣì ń kàwé.

Kí ni ó wá dé? Ohun tí mo rí ni pé owó epo rọ̀bì dé, ẹ̀rọ amúlétutù sì bá a dé. Ẹni tí ó bá ti rí ẹ̀rọ tí yóò sọ yàrá di yìnyín kò rí ìdí tí òun yóò fi máa wádìí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ilé ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí sanra, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi gíláàsì bora. Ní ibì kan tí n kò ní dárúkọ, mo rí ògiri oníhò ọnà dáradára tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí pátá, kí otútù ẹ̀rọ má baà jáde. Ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, búlọ́ọ̀kù ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà fún mi, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ wọn sì máa ń ru. Ní ọdún kan, ìkéde jáde pé kí gbogbo àwọn tí wọ́n ń gba owó ìfẹ̀yìntì wá fojú hàn, kí ìjọba lè mọ̀ pé wọn kò tí ì kú. Mo tẹ̀ lé wọn lọ. Ìlú náà àti ilé náà, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ wọn bò. Àjà kẹfà ni wọ́n ti ń ṣe é. Páálí kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò ṣiṣẹ́. Àwọ̀ páálí náà ti pọ́n, aláǹgbá sì ti yé ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iná kò sí. Dísù jẹnẹrétọ̀ ti tán.

A bẹ̀rẹ̀ sí gun àtẹ̀gùn. Àwọn tí wọ́n kọ́ ilé náà fi àtẹ̀gùn yẹn sí àárín gbùngbùn, bí ẹni fi nǹkan pamọ́, kò sí fèrèsé kan ní gbogbo ara rẹ̀, iná fóònù ni a fi ń ríran. Arúgbó wà níwájú wa, arúgbó wà lẹ́yìn wa, gbogbo wọn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ní àjà kẹrin, bàbá mi fi ọwọ́ ti ògiri, wọ́n sì jókòó. Òógùn bò wọ́n. Ìyá kan tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí fi omi bọ́ gèlè rẹ̀, ó fi nù wọ́n lójú, ó ní, “Bàbá, ẹ má gùn mọ́ o. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí lọ bá yín sọ̀rọ̀ lókè.” Bàbá mi mi orí, wọ́n ní, “Ìyá, bí n kò bá dé ọ̀hún, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti kú.”

Mo sáré gòkè. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà fẹ̀ bí pápá, fèrèsé rẹ̀ jẹ́ gíláàsì kan ṣoṣo láti ògiri dé ògiri, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kò sì ní ibi tí a ń gbà ṣí i. Àwọn akọ̀wé ń fi fáìlì fẹ́ ara wọn. Omi ojú ara wọn ń kán sórí ìwé. Mo sọ ọ̀ràn mi fún ọmọbìnrin kan tí ó jókòó sídìí tábìlì àkọ́kọ́. Kò dá mi lóhùn. Ó dìde, ó gbé ìwé ńlá náà lé èjìká, ó mú pẹ́ẹ̀nì àti yíǹkì ìtẹ̀ka, ó sì bá mi sọ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ tẹ̀ka síbí sà.” Nígbà tí ó ṣe tiwọn tán, kò padà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn tí wọ́n wà nísàlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run yóò ṣíjú wo ọmọbìnrin náà. Mo máa ń rò ó pé ọmọ ọdún bí mẹ́rìnlélógún yẹn fi ìwé kan ṣoṣo tún ilé tí wọ́n fi ọ̀kẹ́ àìmọye owó kọ́ ṣe fún wákàtí méjì.

Ṣé kí á wá gbé ilé San Francisco kalẹ̀ sí Alálùbọ́sà ni? Rárá o. Òru wọn kì í ṣe òru wa. Otútù òru tí ó ń fọ kọnkéré wọn, a kò ní irú rẹ̀ àyàfi ní ìgbà ọyẹ́, ọyẹ́ náà sì ń bọ̀ tòun ti eruku tí yóò bo gbogbo tábìlì. Ẹ̀fọn wà. Ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà, èéfín rẹ̀ sì ni fèrèsé yóò kọ́kọ́ gbà wọlé. Ẹni tí ó bá da ilé yẹn kọ láìronú, ohun kan náà ni ó ṣe pẹ̀lú ẹni tí ó da ilé onígíláàsì kọ láti ìlú tí yìnyín ń bọ́ sí. Iṣẹ́ ìbòòji ni ó yẹ kí tiwa fi bẹ̀rẹ̀: kí oòrùn má fojú kan gíláàsì rárá níhà ìlà oòrùn àti ìwọ̀ rẹ̀. Kí ilé tẹ́ẹ́rẹ́, kí nẹ́ẹ̀tì wà lẹ́nu fèrèsé, kí fèrèsé sì ṣí. Kí àtẹ̀gùn wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé níbi tí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ wà, kí ó fẹ̀, kí àga ìsinmi wà ní àjà kọ̀ọ̀kan. Oòrùn tí a ń sá fún yìí náà, kí wọ́n tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì sólà sókè láti mú un, ó kéré tán kí ẹ̀rọ agbéniròkè kan ṣoṣo máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá. Ibi tí wọ́n sì ti ń gba arúgbó lálejò, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi í sí ìsàlẹ̀. Èyí kò gba ìwé ẹ̀rí ayàwòrán-ilé.

Nígbà tí mo dé láti Amẹ́ríkà, mo fi àwọn àwòrán ilé náà han bàbá mi. Wọ́n wọ jígí wọn, wọ́n sì wò ó pẹ́, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé irin ajere náà. Mo ṣàlàyé ẹ̀rọ agbéniròkè tí ó ń fo àjà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò sí wọn lójú. Wọ́n ní, “Ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí ènìyàn máa fẹsẹ̀ rìn! Ẹ̀yin ọmọ ìwé!” Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Wọ́n béèrè bóyá lóòótọ́ ni fèrèsé àjà kejìdínlógún ń ṣí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, “Kò sì sí éésì?” Mo ní kò sí.

Nínú yàrá wọn, fèrèsé kan wà lẹ́yìn ibùsùn tí ó kọjú sí ọgbà ọsàn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá náà ni wọ́n ti fi pákó kan an pa. Bàbá mi wo ibẹ̀, wọ́n wo àwòrán ọwọ́ wọn, wọ́n sì ní kí n lọ bá àwọn pe káfíńtà tí ó wà ní ìdojúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó mú ìyọ̀ṣó rẹ̀ dání.